Iná, Koríko àti Igi: Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn Nípa Ilẹ̀ Ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tán, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà, koríko ilẹ̀ ọ̀dàn a gbẹ, iná a sì ràn. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé etí adágún Ṣáàdì, èéfín a bo ojú ọ̀run, májàlà a sì máa fò kiri lórí àwọn abúlé. Ọdẹ a dáná láti lé ẹran jáde. Darandaran a dá a kí koríko tútù lè hù fún màlúù rẹ̀. Àgbẹ̀ a dá a kí ilẹ̀ oko rẹ̀ lè mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò ní ìdí kan ju pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ń ṣe lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ilẹ̀ tí ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò a tún tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ǹjẹ́ iná yìí ń ba ilẹ̀ jẹ́ ni, tàbí òun gan-an ni ó mú kí ilẹ̀ náà rí bí ó ti rí? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ìdáhùn tí ìjọba bá gbà gbọ́ ni yóò pinnu irú òfin tí wọn yóò ṣe, iye owó tí wọn yóò ná lórí gbígbin igi, àti ibi tí màlúù yóò ti rí oúnjẹ jẹ. Ní Nàìjíríà, níbi tí ìjà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ koríko kò kan òun. Ẹni tí ń jẹ ẹran ní Èkó àti ẹni tí ń gbin iṣu ní Bẹ́núé ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bá ẹni tí ń da màlúù ní Kàtsínà wí.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó gba apá tí ó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 1949, Ọ̀gbẹ́ni R. W. J. Keay, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìtọ́jú igbó nígbà náà, ṣe àkọsílẹ̀ bí ewéko orílẹ̀-èdè náà ti rí láti etí òkun títí dé etí aṣálẹ̀. Bí ènìyàn bá ti gúúsù ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ rí igbó ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò rí ọ̀dàn tí ó ti jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀ rí kí oko àti iná tó sọ ọ́ di pápá. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dàn tí igi rẹ̀ ṣì pọ̀, tí koríko rẹ̀ sì ga ju ènìyàn lọ. Bí ó bá tún ń lọ sí àríwá, òjò yóò máa dín kù, koríko yóò máa kúrú, igi ẹlẹ́gùn-ún yóò sì máa pọ̀ sí i, títí yóò fi dé Sàhẹ́lì, níbi tí koríko kì í ti í ju bí oṣù mélòó kan lọ kí ó tó gbẹ. Gbogbo wọn ni à ń pè ní ọ̀dàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ti fa ìnáwó asán púpọ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, èrò tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn amòye igbó ni pé ọ̀dàn kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe igbó tí ènìyàn bà jẹ́. Ọ̀mọ̀wé Aubréville, ará Faransé tí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1949 nínú èyí tí ó kìlọ̀ pé iná àti àáké ń sọ ilẹ̀ tí ó ní igi di aṣálẹ̀. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọba sì gbọ́ ọ. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn òfin ti wáyé tí ó sọ dídáná sí pápá di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ bu owó ìtanràn lé ènìyàn, láìbéèrè ìgbà tí a dá a tàbí ibi tí a ti dá a.

Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ sọ̀rọ̀ láìdán an wò. Ní 1929, wọ́n sàmì sí ilẹ̀ mẹ́ta ní Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lọ́dọọdún, wọ́n ń dáná sun èkínní nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ohun gbogbo gbẹ pátápátá; wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì wà díẹ̀ nínú koríko; wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ṣe irú ìdánwò kan náà ní Kokondekro, lẹ́bàá ìlú Bouaké ní Ivory Coast. Èsì tí ó ti ibi méjèèjì wá kò yàtọ̀ púpọ̀. Níbi tí iná ti pẹ́ kí ó tó jó, igi dín kù, koríko sì gba ilẹ̀. Níbi tí iná ti tètè jó, igi àti koríko jọ ń gbé. Níbi tí iná kò dé, igi ń pọ̀ sí i, òjìji wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí lé koríko lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣe kedere: orúkọ kan náà ni iná oṣù kọkànlá àti iná oṣù kẹta ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọ ara wọn. Èkínní ń rìn lọ́ra, ó sì ń fi ibì kan sílẹ̀ láìjó. Èkejì a máa ké ramúramù, a sì máa pa igi kékeré títí dé ilẹ̀. Òfin tí ó bá fi ọ̀já kan ṣoṣo di àwọn méjèèjì pọ̀ kò lè ṣe ilẹ̀ ní oore.

Ibi tí a ti wá wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní jù lọ ni Lamto, ní Ivory Coast, nǹkan bí 160 kìlómítà sí ìlú Abidjan, létí odò Bandama. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maxime Lamotte, ará Faransé, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Jean-Luc Tournier, ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Láti inú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ ibẹ̀. Nǹkan bí 2,500 hẹ́kítà ni ilẹ̀ náà. Igbó wà lẹ́bàá odò, ọ̀dàn sì wà lórí ilẹ̀ gíga, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi gíga tí ó fara jọ ọ̀pẹ, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní gíginyà.

Ohun tí ó mú kí Lamto ṣàjèjì ni pé òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀, nǹkan bí 1,200 mílímítà lọ́dún, tó láti gbé igbó ró. Kí ló dé tí ọ̀dàn fi wà níbẹ̀? Láti wá ìdáhùn, Lamotte kò bẹ̀rẹ̀ láti orí igi. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì ń ka ohun gbogbo: wọ́n ń gé koríko, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń ka tata, aláǹgbá, eku, ikán àti ekòló tí ó wà lórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí oúnjẹ ṣe ń ti ọwọ́ ẹ̀dá kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, láti inú oòrùn dé inú ewé, láti inú ewé dé inú ẹran, àti láti inú ohun gbogbo padà sínú ilẹ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi ọdún kan tàbí méjì yanjú. Èyí ni ó fà á tí iṣẹ́ náà fi ń bá a lọ lẹ́yìn tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti lọ.

Lọ́dọọdún, ní oṣù kìíní, wọ́n ń dáná sun ọ̀dàn Lamto. Ṣùgbọ́n láti 1962, wọ́n fi apá kan sílẹ̀ tí iná kò gbọdọ̀ kàn. Roger Vuattoux ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, koríko gbígbẹ ń pọ̀ lórí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn igi kékeré tí iná ti máa ń gé kúrú lọ́dọọdún bẹ̀rẹ̀ sí yọrí. Àwọn igi tí ó jẹ́ ti igbó sì tẹ̀ lé wọn. Kò pẹ́ tí koríko fi pòórá lábẹ́ òjìji. Ibi tí ó jẹ́ ọ̀dàn ní 1962 di igbó lójú ẹni tí ó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, iná ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀dàn ní irú ilẹ̀ tí òjò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Ibi tí koríko ti ń hù wà ní ìdí rẹ̀ gan-an, lẹ́bàá ilẹ̀ tàbí nínú ilẹ̀, níbi tí ooru iná kì í pẹ́ dé. Bí ewé gbígbẹ bá jó tán, oòrùn a wọlé sí ìdí koríko náà, ewé tuntun a sì yọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ igi kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó fi ń dàgbà, orí yẹn ni iná sì ń jó. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú; yóò tún rú jáde lẹ́yìn iná, yóò tún jó ní ọdún tí ń bọ̀. Igi kan lè wà nínú ìyà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bí ó bá rí ọdún kan tàbí méjì tí iná fò ó dá, kí ó lè ga kọjá ibi tí ọ̀wọ́ iná ń dé. Lẹ́yìn èyí, iná kò lè ṣe é ní nǹkan mọ́.

Ìwádìí ibẹ̀ tún fi hàn pé abẹ́ ilẹ̀ ni ọrọ̀ ọ̀dàn wà. Èéfín a máa gbé èròjà náítrójìn, èyí tí ewéko kò lè ṣe aláìní, lọ sójú ọ̀run. Bí ó bá jẹ́ bí ojú ti rí i nìkan ni, ilẹ̀ tí ń jó lọ́dọọdún ì bá ti ṣá pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn koríko onígbòǹgbò púpọ̀ ti Lamto mọ bí a ti ń ṣọ́ ohun ìní wọn. Àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi koríko kan níbẹ̀ a máa dá iṣẹ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí kan dúró nínú ilẹ̀, àwọn tí ń sọ náítrójìn di irú èyí tí òjò lè wẹ̀ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba tí ó kù a wà ní ìdí koríko náà fún ìlò ara rẹ̀. Àwọn ekòló náà ń ṣiṣẹ́ tiwọn: Patrick Lavelle, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka wọ́n, rí i pé lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ ni ó ń gba inú wọn kọjá lọ́dún kan. Kò sí katakata tí ó ń túlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìba gbòǹgbò jẹ́.

Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ní Lamto kì í ṣe òtítọ́ níbi gbogbo. Ní 2005, Mahesh Sankaran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ jọ láti ibi 854 lórí ilẹ̀ ọ̀dàn Áfríkà. Wọ́n rí i pé níbi tí òjò ọdún kò bá tó nǹkan bí 650 mílímítà, àìtó omi fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí igi di ilẹ̀; kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe tí igbó yóò fi dúró níbẹ̀. Níbi tí òjò bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi lè bo ilẹ̀, àfi bí iná àti ẹran tí ń jẹko kò bá gbà á láyè. Ẹni tí ó bá ru ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi kékeré lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó wà á mọ́lẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà bí ẹni ń gbin kòkó, kò ṣe ju pé ó ń sin owó ìlú lọ.

Ǹjẹ́ kò wá sí àtúnṣe fún ilẹ̀ gbígbẹ tí ó ti bàjẹ́? Ó wà, àwọn aládùúgbò Nàìjíríà sì ti fi hàn. Ní agbègbè Maradi ní Niger, Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà tí ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ níbẹ̀, ti gbin igi títí ó fi sú u, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó ń kú. Ní 1983, ó ṣàkíyèsí pé ohun tí òun ti ń pè ní igbó ṣákálá nínú oko àwọn ènìyàn kì í ṣe igbó ṣákálá rárá. Kùkùté igi tí wọ́n ti gé ni, tí ó ń rú láti inú gbòǹgbò tí ó ṣì wà láàyè. Ó rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gé gbogbo èéhù náà mọ́ lọ́dọọdún. Kí wọ́n yan díẹ̀ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rẹ́ ìyókù, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí wọ́n yàn dàgbà. Kò gba owó púpọ̀, kò sì gba irúgbìn. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, igi ti padà sórí ilẹ̀ tí a fojú díwọ̀n sí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ní Niger. Òun ni baba gbogbo àpẹẹrẹ tí a lè tọ́ka sí nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Burkina Faso ẹ̀wẹ̀, Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ kan ní agbègbè Yatenga, mú ihò tí àwọn baba rẹ̀ máa ń gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní zaï, ó mú un fẹ̀ sí i, ó sì ń kó ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà sínú rẹ̀ kí òjò tó rọ̀. Ikán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀tá ni ó wá bá a ṣiṣẹ́: ìgbẹ́ ẹran náà fà wọ́n wá, wọ́n lu ilẹ̀ líle náà ní ihò wẹ́wẹ́, omi òjò sì rí ọ̀nà wọlé. Àwọn ará abúlé kọ́kọ́ pè é ní wèrè. Ní 2018, òun àti Rinaudo wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní ilẹ̀ Sweden. Sawadogo kú ní 2023, ṣùgbọ́n igi tí ó tọ́ kò bá a kú.

Koríko pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Gamba, koríko gíga tí àwọn ará àríwá fi ń hun ẹní àti ọgbà, jẹ́ oúnjẹ rere fún màlúù. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àmì: bí ó bá ti padà sórí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láti sinmi, ilẹ̀ náà ti ń gba agbára rẹ̀ padà. Bí ẹran bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù, tí wọn kò sì fún un láyè láti sinmi, a kú, koríko aláìwúlò a sì gba ipò rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, irúgbìn gamba láti ibùdó ìwádìí Shika, lẹ́bàá Zaria, dé Kòlóńbíà. Ní 1980, wọ́n fi í fún àwọn olùsìn màlúù ní Kòlóńbíà àti ní Bràsíì, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Planaltina, ó sì wúlò fún wọn lórí ilẹ̀ ṣíṣá.

Ṣùgbọ́n ní àríwá Ọsirélíà, níbi tí wọ́n tún ti gbin gamba fún màlúù, ó bọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. Koríko ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ga tó o. Ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 2003 fi hàn pé agbára iná tí ń jó gamba níbẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ti iná tí ń jó koríko ìbílẹ̀, igi ńlá sì ń kú nínú rẹ̀. Ní 2008, ìjọba agbègbè náà kà á sí èpò tí òfin dè. Koríko kan náà ni. Ohun tí ó jẹ́ ọmọ ilé ní Zaria di ọlọ́ṣà ní ilẹ̀ òkèèrè. Èyí tó láti kọ́ ẹnikẹ́ni tí ń ṣe àtúnṣe pápá pé koríko tí ó ti mọ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wá.

Kí ni gbogbo èyí wá túmọ̀ sí fún Nàìjíríà? Òfin pápá ìjẹko ti wà ní Àríwá láti 1965, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápá tí a yà sọ́tọ̀ ni oko àti ilé ti gbà, tí ìyókù sì ti ṣá nítorí àìsinmi. Nàìjíríà tún wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń kópa nínú iṣẹ́ Ògiri Ewé Ńlá tí Ìṣọ̀kan Áfríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ìpínlẹ̀ 11 ní àríwá ni ó sì kàn. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Aṣálẹ̀ kì í ṣe ọmọ ogun tí à ń mọ odi dè. Ibi tí ilẹ̀ ti bàjẹ́ wà káàkiri, níbi kànga, níbi ọjà màlúù, níbi oko tí kò sinmi mọ́, ibẹ̀ náà ni a sì gbọ́dọ̀ ti tún un ṣe.

Àwọn ohun tí ìwádìí tọ́ka sí kò ju agbára ará abúlé lọ. Bí iná yóò bá jó, kí ó tètè jó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ìmọ̀ gbogbo abúlé, kì í ṣe nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ. Kí apá kan pápá máa sinmi nígbà tí ẹran bá ń jẹ apá kejì, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí koríko ń fi ohun tí ó tò pamọ́ sí gbòǹgbò hu ewé tuntun. Kí a dá kùkùté igi òrí, igi irú àti àwọn mìíràn sí nínú oko. Kí a má sì ṣe fi katakata tú ọ̀dàn tí ó ṣì dára nítorí àtigbin igi, nítorí gbòǹgbò tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò ní padà ní ọjọ́ kan.

Kò sí èyí tí yóò ṣeé ṣe bí àgbẹ̀ àti darandaran kò bá jọ jókòó. Ẹni tí kò dá a lójú pé òun ni yóò kórè èéhù tí ó tọ́ kò ní tọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò lé òun kúrò lórí pápá ní ọ̀la yóò jẹ́ kí màlúù rẹ̀ jẹ ẹ́ kan erùpẹ̀ lónìí. Ní Niger, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé àwọn ni ó ni igi tí ó wà nínú oko wọn ni igi náà tó pọ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀dàn padà bọ̀ sípò, ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdánilójú yìí: kí olúkúlùkù mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, àti ìgbà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Gbòǹgbò ṣì wà nínú ilẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ohun tí ó ń retí ni kí a fún un láyè.